Ẹ má fi òòbẹ̀ rọ́pò àdán nínú bátìrì ilé yín

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tó bá ní iná oníbátìrì tí à ń pè ní ríṣájẹ́bù. Ó kan ẹni tó ní fáànù tó ń gba iná sára. Ó sì kan bàbá tàbí ìyá tó ra ìbọn ìṣeré oníbátìrì fún ọmọ, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ yin ọta kéékèèké jáde.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá sì tú wọn wò, ìdí tí wọ́n fi dákẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ lọ́pọ̀ ìgbà: bátìrì inú wọn ló kú. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká ra bátìrì mìíràn irú rẹ̀ sí i ni, àbí ká jẹ́ kí oníṣẹ́ fi èyí tó yọ lára kọ̀ǹpútà àgbéká tó ti bàjẹ́ dí ojú ihò náà? Yorùbá ní bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe náà dára níbi tó bá dára, àmọ́ kò bá bátìrì mu. Bátìrì tó wọ ihò náà dáadáa, tó sì mú kí iná tàn, lè jẹ́ èyí tí yóò dá iná sílé lóru.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Onípáànù?

Ẹni tó bá mọ Onípáànù mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra níbẹ̀. Láti etí Ìkòròdú Róòdù, láàárín Fádèyí sí Palmgrove, títí wọ inú Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé, títí kan Bàrígà, ògiri ilé kan ló ń ti èkejì. Ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ṣì pọ̀ níbẹ̀, tí ìdílé kan ń sùn sí yàrá kan, tí gbogbo wọn sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo jáde. Bí iná bá sọ ní yàrá kan nírú ilé bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló kàn.

NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013, ọ̀rọ̀ iná bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, ẹnu wa ò tíì kúrò nínú "Wọ́n ti mú iná lọ!" Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé pa jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn tì, wọ́n sì gba iná ríṣájẹ́bù mú. Òun ni àwọn ọmọ fi ń kàwé, òun ni ìyá fi ń dáná alẹ́, òun náà ló ń wà létí ibùsùn nígbà tí ilé bá sùn. Nǹkan tó bá ń bá wa sun yàrá kan, ó yẹ ká mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Ṣé bátìrì ló kú lóòótọ́?

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá bátìrì ni ó ní àìsàn. Wáyà ṣájà lè ti já nínú, ẹnu ibi tí à ń ki ṣájà bọ̀ sì lè ti yẹ̀. Bí iná kékeré tó máa ń tàn nígbà tí ẹ bá fi sí iná kò bá tàn rárá, ẹ wo ṣájà àti wáyà rẹ̀ ná.

Bí ó bá jẹ́ bátìrì, àmì rẹ̀ kì í fara sin. Á "kún" láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì tún rọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú rẹ̀ lè wú bí ìgbà tí ẹ̀wà bá wú nínú omi. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lè hù sí ẹnu rẹ̀, tàbí kí omi máa sun lára rẹ̀. Bátìrì tó bá ti wú tàbí tó ń sun omi, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì tún fi í sí iná láti dán an wò.

Bí oníṣẹ́ bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n fún yín. Bátìrì olójé 6V tí ara rẹ̀ le, tó ti kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná, á fi nǹkan bí 6.3V sí 6.4V hàn. Bí ó bá ń fi 4V hàn lẹ́yìn tó ti wà lórí iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ohun tó máa ń pa bátìrì olójé jù ni ebi. Bí ẹ bá lò ó títí tó fi rọ pátápátá, tí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún oṣù kan tàbí méjì láìfi sí iná, iyọ̀ òjé á dì mọ́ ọn nínú, kò sì ní lè gba iná mọ́. Nítorí náà, bí iná bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ pa á, kí ẹ sì fi sí iná ní kété tí ìjọba bá mú un dé. Ẹ má ṣe gbé e pa mọ́ pẹ̀lú ebi nínú.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n, ìwà wọn ò jọra

Bátìrì tó ṣeé gba iná sára, tó wọ́pọ̀ nílé wa, pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni olójé. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1859. Òjé àti áásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Òun ni àpótí kékeré dúdú tàbí aláwọ̀ eérú tó wúwo, tó wà nínú ọ̀pọ̀ iná ríṣájẹ́bù àti fáànù. Ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ 2V. Èyí tó bá jẹ́ 4V ní méjì, 6V ní mẹ́ta, 12V ní mẹ́fà.

Èkejì ni oníníkẹ́lì. Òun ló wọ́pọ̀ nínú ohun ìṣeré ọmọdé àti fóònù inú ilé àtijọ́. Ọ̀bọrọ́gidi kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ ni, wọ́n sì máa ń kọ NiCd tàbí NiMH sí i lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1.2V.

Ẹ̀kẹta ni lítíọ́mù. Òun ló wà nínú fóònù alágbèéká, báńkì iná àti kọ̀ǹpútà àgbéká. Sony ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991, àwọn mẹ́ta tí ìmọ̀ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2019. Ó fúyẹ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 3.6V tàbí 3.7V, bó bá sì kún tán, 4.2V ni. Ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró nìyẹn. Bí ṣájà bá ń tì í kọjá 4.2V, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí ooru náà bá dé ìwọ̀n kan, bátìrì fúnra rẹ̀ ni yóò máa dá iná kún iná, ẹ̀yìn náà ló máa ń bú.

Olójé lè fara da ìyà díẹ̀ lọ́wọ́ ṣájà tí kò pé. Lítíọ́mù kì í fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn sí i

Ọ̀nà tó rọrùn jù, tí ọkàn sì balẹ̀ jù, ni kí ẹ ra irú èyí tó kú gan-an. Ẹ mú òkú bátìrì náà dání lọ sọ́jà, ẹ má fẹnu júwe rẹ̀. Ohun tí ẹ ó wò nìwọ̀nyí.

Ẹ wo ẹ̀yà rẹ̀. Olójé fún olójé, oníníkẹ́lì fún oníníkẹ́lì, lítíọ́mù fún lítíọ́mù.

Ẹ wo fóòtì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ní V lẹ́yìn. Èyí gbọ́dọ̀ bára mu láìyẹ̀. Bí 6V ló wà níbẹ̀, 6V ni kí ẹ rà. Kì í ṣe 4V, kì í sì í ṣe 12V.

Ẹ wo nọ́ńbà tó ní Ah tàbí mAh lẹ́yìn. Ìyẹn ló ń sọ bí ikùn bátìrì ṣe tóbi tó. Ó lè fi díẹ̀ yàtọ̀. Bí 4.5Ah bá wà níbẹ̀ tí ẹ rí 4Ah tàbí 5Ah, kò burú, èyí tó tóbi kàn máa pẹ́ kó tó kún ni. Àmọ́ èyí tó bá kéré jọjọ ni ṣájà lè fún lóúnjẹ ju agbára rẹ̀ lọ, tí á fi gbóná.

Ẹ wo bó ṣe ga àti bó ṣe fẹ̀, kí ìdérí lè dé padà láìfi agbára tẹ bátìrì mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Pupa ni fún àmì +, dúdú ni fún àmì –. Kí ẹ tó yọ òkú bátìrì, ẹ fi fóònù yàwòrán bí wáyà ṣe wà. Bí oníṣẹ́ bá gbé wọn sódì, báńbù lè jóná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ní kí òǹtajà fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín. Bátìrì olójé tó ti jókòó lórí àtẹ fún ọdún méjì láìgba iná lè jẹ́ òkú nínú ike tuntun. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ pẹ̀lú: òjé wúwo, nítorí náà èyí tó bá fúyẹ́ bí ìwé ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Níbi lítíọ́mù náà, ẹ ṣọ́ra fún irọ́ ojú bátìrì. Ọ̀bọrọ́gidi tí wọ́n ń pè ní 18650, tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó sì gùn ní mìlímítà 65, ojúlówó rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí 4,000mAh. Èyí tí wọ́n bá kọ 9,900mAh sí lára, irọ́ funfun báláú ni. Ẹni tó lè parọ́ nọ́ńbà lè parọ́ ààbò pẹ̀lú.

Bátìrì kọ̀ǹpútà nínú iná olójé

Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí wàhálà wà. Oníṣẹ́ á ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ náwó sí? Iná yín yìí 4V ni, ọmọ bátìrì kọ̀ǹpútà yìí 3.7V ni. Wọ́n súnmọ́ra. Mo máa jó o mọ́ ọn báyìí, á sì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Á jó o mọ́ ọn lóòótọ́, iná á sì tàn yòò. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, méjì á kọjá, ìyá á máa ṣàdúrà fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀. Bátìrì olójé 4V kì í kún ní 4V. Kó tó kún, ṣájà ní láti tì í dé nǹkan bí 4.8V. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ṣájà inú iná yẹn nìyẹn. Lítíọ́mù sì gbọ́dọ̀ dúró ní 4.2V. Ṣájà náà kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ àlejò. Yóò máa ti lítíọ́mù lọ síbi tí a ti ń ti olójé. Ní alẹ́ tí ìjọba bá mú iná wá ní aago mọ́kànlá, tí wọn kò sì mú un lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí gbogbo ilé sì ti sùn, alẹ́ yẹn ni bátìrì náà yóò gba ju ohun tí ikùn rẹ̀ lè gbà lọ. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tí à ń bú ló ti ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ là láti ọjọ́ yìí.

Ti 6V náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ bátìrì lítíọ́mù méjì tí a tò léra jẹ́ 7.4V, 8.4V ni bó bá kún. Ṣájà olójé 6V tó dára máa ń dúró ní nǹkan bí 7.2V, nítorí náà wọn kò ní kún. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣájà olówó pọ́ọ́kú ni kò ní ibi tí wọ́n ti ń dúró rárá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sì ti gbó ju èkejì lọ, èyí tó gbó á tètè kún, ẹrù èkejì á wá bọ́ sí i lórí.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú bátìrì kọ̀ǹpútà, pátákó kékeré kan wà tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ bátìrì náà. Òun ló ń já iná nígbà tí wọ́n bá kún, òun ló ń já a nígbà tí wáyà bá kan ara wọn. Bí oníṣẹ́ bá tú ọmọ bátìrì jáde, ó ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kò sẹ́ni tó ń ju bátìrì kọ̀ǹpútà tó ṣì dára nù. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ ti gbó kó tó dé ibẹ̀.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà tí a lè gbà fi lítíọ́mù rọ́pò olójé ni? Ó wà. Irú lítíọ́mù kan wà tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 3.2V, méjì rẹ̀ jẹ́ 6.4V, bó bá sì kún, kò ju 7.3V lọ. Ìyẹn bá ṣájà olójé 6V tó dára mu ju ti kọ̀ǹpútà lọ, kì í sì í tètè gbiná bíi tirẹ̀. Mẹ́rin rẹ̀, tó jẹ́ 12.8V, ni àwọn tó ń ta ohun èlò sólà ń tà dípò olójé 12V. Ṣùgbọ́n ẹ rà á ní dídì, pẹ̀lú pátákó ààbò nínú rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì ní ṣájà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bí oníṣẹ́ bá ní òun fẹ́ ṣe é fún yín, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi í: "Kí ni yóò dá iná dúró nígbà tí bátìrì yìí bá kún?" Bí kò bá lè fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí nǹkan náà, ẹ gbé iná yín padà sílé.

Ìbọn ìṣeré ọmọ yín ńkọ́?

Ìbọn ìṣeré oníbátìrì ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń ti ọta jáde. Ẹ̀rọ náà máa ń jẹ iná gan-an, nítorí náà bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Àwọn kan ń lo oníníkẹ́lì: mẹ́rin jẹ́ 4.8V, mẹ́fà jẹ́ 7.2V, méje jẹ́ 8.4V. Àwọn tó dé láìpẹ́, tó ń yin ọta rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń rẹ sínú omi, sábà máa ń lo lítíọ́mù 7.4V.

Ẹ wo bí nọ́ńbà ṣe ń tanni. 7.2V oníníkẹ́lì àti 7.4V lítíọ́mù jọ bí ìbejì. 8.4V ni wọ́n kọ sára oníníkẹ́lì tó ní ọmọ méje, 8.4V náà sì ni lítíọ́mù oníméjì bó bá kún tán. Ẹnu wáyà wọn tún lè jọra, tí ṣájà ọ̀kan á wọ ara èkejì láìjanpata. Ṣájà oníníkẹ́lì inú páálí ohun ìṣeré kì í sábà mọ ìgbà tí bátìrì kún. Ẹni tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ máa wo aago, kó sì yọ ọ́. Bí irú ṣájà bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sára lítíọ́mù, ọ̀rọ̀ di ti iná ríṣájẹ́bù tí a sọ lókè yìí. Nítorí náà, ẹ fi bébà lẹ orúkọ ìbọn mọ́ ṣájà rẹ̀ lára, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbé. Àgbàlagbà ni kó máa fi í sí iná, kì í ṣe ọmọ.

Bí ẹ̀yin òbí ti ń ronú bátìrì, ẹ ronú nǹkan méjì yìí pẹ̀lú. Ọta tó ń wú nínú omi á tún wú nínú ikùn. Bí ọmọ kékeré bá gbé e mì, ó lè dí ìfun rẹ̀ pa. Ọta èyíkéyìí sì lè fọ́ ojú. Èkejì ni pé ìbọn ìléwọ́ onífẹ́fẹ́, èyí tó kọjá ti ìṣeré, wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fòfin dè pé wọn kò gbọdọ̀ kó wọ̀lú. Èyí tó jẹ́ ti ìṣeré gan-an, bó bá ti jọ ìbọn gidi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbé e jáde sí títì, pàápàá lálẹ́. Ẹni tó ń wò ó látòkèèrè kò mọ̀ pé ike ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú u

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ìjọba kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iná ríṣájẹ́bù olówó pọ́ọ́kú ni kò ní tiransifọ́mà kankan nínú. Iná 220V sí 240V látara ògiri ló ń wọ inú wọn tààrà. Ẹni tó bá tú u nígbà tó ṣì wà lára iná, tó fọwọ́ kan wáyà bátìrì, ó lè gbà pé 6V lòun fọwọ́ kàn, àmọ́ iná ògiri lè gbé e lọ. Ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ọwọ́, nítorí irin tó bá kan ẹnu bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n bí ẹ̀yín iná.

Ibi tí ẹ ń fi í sí nígbà tó ń gba iná náà ṣe pàtàkì. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tàbí táì ló dára, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Kì í ṣe orí fóòmù, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí, kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnnì, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kẹ̀ǹ tí ẹ pọn epo sí. Ẹ má fi í sí ojú ọ̀nà àbájáde, torí bó bá gbiná níbẹ̀, ibo lẹ fẹ́ gbà? Bí ilé bá fẹ́ sùn, ẹ yọ ọ́. Bí iná ìjọba kì í bá dé àfi lóru, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi í padà nígbà tí ẹnì kan bá jí.

Bí aburú bá ṣẹlẹ̀

Bí bátìrì bá ń rùn, tó ń jó èéfín tàbí tó ń dún ṣìì, ẹ má gbé e mọ́ra. Bí ó bá ṣeé ṣe láìwu ara yín léwu, ẹ pa iná láti ara ògiri. Ẹ kó ọmọ jáde, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Má ṣe padà wọlé nítorí ẹrù. Èéfín bátìrì lítíọ́mù ní májèlé nínú.

Bí iná bá jó èèyàn, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Bí áásíìdì bátìrì bá ta sójú, omi mímọ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ ṣí ojú náà, kí ẹ máa dà á sí i fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ wá dókítà ojú.

Bí ọmọ bá gbé bátìrì pẹlẹbẹ kékeré mì, irú èyí tó wà nínú rìmóòtì àti ohun ìṣeré tó ń kọrin, ẹ má dúró wò ó. Láàárín wákàtí méjì péré, ó lè dá ọgbẹ́ ńlá sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má ṣe mú kó bì. Bí ọmọ náà bá ti ju ọdún kan lọ, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ lè fún un ní ojúlówó oyin ṣíbí kékeré méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹfà, bí ẹ ti ń lọ lójú ọ̀nà. Oyin kò gbọdọ̀ dá yín dúró. Ilé ìwòsàn ni ìrìn yín.

Òkú bátìrì, ibo ni yóò sùn?

Ẹ má ju òkú bátìrì sí gọ́tà, ẹ má sì sun ún mọ́ ìdọ̀tí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ olójé nínú àgbàlá yín láti yọ òjé rẹ̀ tà. Ní Ngagne Diaw, àdúgbò kan ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí owó òjé gbéra, àwọn ará àdúgbò ń sẹ́ iyanrìn láti ṣa òjé inú rẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀. Kò jìnnà sí wa náà. Ní Ògíjo, lẹ́bàá Ìkòròdú, níbi tí iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì pọ̀ sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníròyìn ṣètò rẹ̀ ní 2025 fi òjé hàn lára òṣìṣẹ́ àti ọmọdé, ìjọba sì ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa.

Òjé kì í rùn, kì í sì í ta lẹ́nu. Bó bá wọ ara ọmọ, ọpọlọ ló ń bá jà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè sọ pé kò léwu. Bí ẹnì kan bá ti fọ́ bátìrì nítòsí yín rí, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, kí ẹ sì sọ fún dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Òkú olójé ní owó lórí. Ẹ gbé e lódindi padà fún ẹni tó ta tuntun fún yín, kó yọ díẹ̀ nínú owó fún yín. Ti lítíọ́mù, ẹ fi téèpù dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kó o sínú ike gbígbẹ tí kò ní irin nínú, jìnnà sọ́dọ̀ ọmọdé, títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń gbà á fún àtúnlò.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ yí iná ríṣájẹ́bù yín dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ti tú u rí, ẹ bi í léèrè irú bátìrì tó fi sí i. Bí ó bá ní ti kọ̀ǹpútà ni, ẹ má fi í sí iná mọ́ títí ẹ ó fi yọ ọ́. Owó bátìrì tuntun lè ká èèyàn lára, ṣùgbọ́n iye tó bá jẹ́, kò tó owó orí ọmọ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iná ayọ̀ nìkan ni yóò máa tàn nílé wa o. Àṣẹ.